Iye Tí Ọrùn Alága Ná Wa

Ẹni tó bá ń wá ìtàn akọni, kó ṣí ìwé mìíràn. Ọ̀rọ̀ ọrùn ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ọrùn ẹran. Ọrùn alága káńsù wa ni, Thebeyame Ramotlhwa, ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń bọ̀ lọ́nà, ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dé, oyè rẹ̀ á tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá wọlé gbẹ̀yìn. Nígbà yẹn, káńsù ló ṣì ń darí kílíníkì, ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ lágbègbè wa. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ alága, òun ló ni ọ̀nà, òun ló ni omi, òun náà ló ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún àwọn ọmọ wa lápá.

Ó ti pẹ́ lórí àga náà. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ti gún ẹran màlúù bíbọ̀ lódó fún jíjẹ tí Ramotlhwa pa jẹ rí, ẹran náà kò sì ya aláìmoore. Ó dúró sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó kọ́lé síbẹ̀. Awọ ibẹ̀ já wálẹ̀ ní ìpele-ìpele, ó ń mì bó bá ń sọ̀rọ̀, ó sì tún ń mì díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dákẹ́, bíi pé òun náà ní ohun tó fẹ́ fi kún un.

Ṣé ẹ rò pé ẹnì kan sọ fún un? Háà, ẹ ò mọ àwọn ọmọ káńsù. "Ọrùn bàbá nìyí," ni wọ́n máa ń wí. "Ọrùn tó ru ẹrù ìlú." Olebile, igbákejì rẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ tí ọrùn rẹ̀ dà bí igi ọkọ́, tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà nípàdé, bóyá ìpele kan ṣoṣo lè jáde fún òun náà.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú Ramotlhwa ní kí òun àti àwọn yòókù tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá ya fọ́tò ni wàhálà dé. Obìnrin ayàwòrán kan wá láti Francistown, ẹni tí kò mọ ìṣe àwa ará ibí. Ó pè é ní Rra, bí a ṣe ń pe ọkùnrin tí a bọ̀wọ̀ fún.

"Rra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

"Mo ti gbé e sókè."

"Rra?"

"Mo ní mo ti gbé e sókè!"

Nígbà tí fọ́tò jáde, Olebile, tó lè fi orin yin igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wò ó, ó sì dákẹ́. Ó tún un wò. "Ọlọ́lá," ó wí nígbẹ̀yìn, "kámẹ́rà yìí ò mọyì ènìyàn."

Alága gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìpàdé pàjáwìrì, ó dìde, ó sì fa ẹ̀wù ìgúnwà rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó bẹ̀rẹ̀, "orí ló ń darí ara. Ta ni kò mọ̀yẹn? Ṣùgbọ́n mo bi yín, kí ló gbé orí dúró? Ọrùn ni! Tí ọrùn alága bá wólẹ̀, kí ló ṣẹ́ kù tí kò ní í wó? Afárá á wó. Ilé ẹ̀kọ́ á wó. Màlúù gan-an á kọ̀ láti jẹko. Torí náà, kì í ṣe nítorí ara mi ni mo fi fẹ́ tún ọrùn yìí ṣe. Nítorí yín ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ẹnì kan fi nu omi lójú. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Lórí Ohun Tó Ń Mú Iye Owó Ọrùn Lọ Sókè sílẹ̀, wọ́n sì fi Olebile ṣe olórí rẹ̀.

Òfin kan wà ní káńsù wa: bóyá ọ̀nà lo fẹ́ là o, bóyá ọgbà lo fẹ́ yí ká o, o gbọ́dọ̀ gba iye lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta, kí o sì mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Ìgbìmọ̀ náà kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń ra nǹkan, torí náà wọ́n wá agbaṣẹ́ṣe ọrùn mẹ́ta. Èkíní ni dókítà ọkùnrin kan ní Johannesburg. Èkejì ni Dókítà Lindelwa Mabuya, obìnrin tó máa ń ti Johannesburg wá ṣiṣẹ́ abẹ ní Gaborone, olú ìlú wa, lóṣooṣù. Ẹ̀kẹta ni ọkùnrin kan ní Francistown tó ń rán awọ sí ìjókòó ọkọ̀. Ó ní òun kò tíì ṣe ọrùn rí, ṣùgbọ́n awọ ni awọ. Owó tirẹ̀ ló kéré jù, ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i ní ohùn kan.

"Olebile," ni Alága wí, "ṣé orí rẹ pé?"

"Ọlọ́lá, òfin la tẹ̀ lé."

"Ìjókòó ọkọ̀ ni mí? Ẹni tó dáa jù ni mo fẹ́, ní iye ẹni tó kéré jù. Lọ gba àyè fún mi lọ́dọ̀ obìnrin yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé iwájú Dókítà Mabuya. Kí ó tó jókòó, Ramotlhwa ti bèèrè iye.

"Rra, mi ò tíì rí iṣẹ́, báwo ni mo ṣe máa mọ iye?" ni dókítà wí. Ó fi ìka méjì fa awọ náà, ó tẹ abẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó gbé eyín lé eyín. "Ọrùn ò ní iye kan ṣoṣo. Ọ̀rá nìkan la máa ń fà jáde fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì, awọ rẹ̀ nìkan ló dẹ̀. Tiyín, awọ ti dẹ̀, ọ̀rá wà lábẹ́ rẹ̀, iṣan tó wà lábẹ́ ọ̀rá náà sì ti yà kúrò lára ara wọn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni."

Ojú Alága tàn. "Olebile, o gbọ́? Ọrùn mi tó iṣẹ́ mẹ́ta."

"Mo gbọ́, Ọlọ́lá. Iṣẹ́ kan péré ni tàwọn yòókù."

"Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún pula," ni dókítà wí.

Ayọ̀ náà kú. Ramotlhwa ní kí ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba san án. Dókítà ní ètò náà kì í sanwó ẹwà.

"Ẹwà kẹ̀! Ìdàgbàsókè agbègbè ni!"

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, Rra. Ọrùn ni wọ́n máa rí."

Alága wá bẹ̀rẹ̀ sí í já iye náà sí wẹ́wẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù tó ń yọ ìwo àti pátákò kúrò nínú owó rẹ̀. Èwo ni owó ọwọ́ dókítà yìí? Dókítà ní ogún ọdún lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó fà á nìyẹn. Tí èèyàn bá wá mú ọlọ́dún mẹ́wàá ńkọ́, ṣé ìlàjì ni? Dókítà ní ó ṣeé ṣe, bóyá ìlàjì ọrùn náà sì ni wọ́n máa gbé lọ sílé. Èwo ni ti yàrá iṣẹ́ abẹ? Èwo ni ti ẹni tó ń kunni lóorun?

"Èmi ò nílò ẹni tó máa kùn mí lóorun," ni Alága wí. "Mo máa ń sùn fúnra mi níbi ìpàdé ètò ìṣúná."

"Ìyẹn dáa, Rra. Ṣùgbọ́n ẹni yìí kan náà ló ń rí i pé ẹ jí."

Alága yọwọ́ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ó kù díẹ̀ kó gbà, ni ojú rẹ̀ bá já sí èyí tó gbẹ̀yìn: bẹ́ẹ̀dì àti nọ́ọ̀sì, fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ káńsù, ẹ mọ ẹ̀rín yẹn. Tí káńsù bá gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe tí kò sì fẹ́ san gbogbo owó, ohun tó máa ń sọ ni pé òun á pèsè àwọn òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ fúnra òun.

"Ẹ yọ èyí kúrò. Káńsù á pèsè rẹ̀."

"Rra, ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ jọ sábẹ́ awọ yẹn, kó fún yín lọ́fun. Nọ́ọ̀sì gidi ni mo ń wí o, kì í ṣe àbúrò yín. Ta ló máa tọ́jú yín?"

"Nọ́ọ̀sì mi."

"Ẹ ní nọ́ọ̀sì?"

"Mo ní kílíníkì," ni Ramotlhwa dáhùn.

Kílíníkì Dikgokong, ìlú wa, ló ń wí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Sista Tshenolo, òun náà ló ń gbẹ̀bí. Áńbúláǹsì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Alága pàṣẹ kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ ní Gaborone, Sista lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Rra, mo ní aboyún mẹ́ta tí oṣù wọn ti pé."

"Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù."

"Rra, oyún kì í ní sùúrù."

"Sista, nígbà tí ìjọba bá pe òṣìṣẹ́, ṣé ó máa ń bi aboyún léèrè kó tó lọ? Àbí o fẹ́ kí n gbé ẹ lọ sí aṣálẹ̀, kí o máa fún àwọn ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́?"

Sista ní ọmọ méjì nílé ìwé. Ó lọ. Olebile kọ ìwé gàdàgbà mọ́ ilẹ̀kùn: KÍLÍNÍKÌ WÀ NÍ ÌPÀDÉ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Dókítà Mabuya dáa. Alága dùbúlẹ̀ sílé àlejò kan ní Gaborone, wọ́n fi báńdéèjì fífún kan dì í láti abẹ́ àgbọ̀n dé àtàrí, wọ́n ní kó má yí ọrùn, kó má tẹrí ba. Sista ń wo ojú ọgbẹ́ láàárọ̀, ó sì ń di dígí mú fún un títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Áńbúláǹsì náà kò jókòó lásán. Ó ń lọ ra yìnyín, ó ń lọ ra ọbẹ̀ tí kò nílò rírún lẹ́nu, nígbà mìíràn ó sì máa ń tan iná pupa orí rẹ̀ kí ọbẹ̀ má bàa tutù. Ìròyìn tó dé Dikgokong ni pé Alága ń ṣe ìwádìí nípa ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìrọbí mú Boikanyo, ọmọ Mma Gasebalwe, ọ̀kan nínú àwọn aboyún mẹ́ta yẹn. Ìyá rẹ̀ gbé e dé kílíníkì, ó ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó kanlẹ̀kùn síbẹ̀síbẹ̀. Ó yí ilé náà ká, ó pe Sista lórúkọ lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó yá kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n forí lé títì ọ̀dà. Wọn kò dé ibẹ̀. Abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni Boikanyo bí sí, lórí búláńkẹ́ẹ̀tì, ìyá rẹ̀ sì ni agbẹ̀bí. Ọmọ ké. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ kò dá. Ọkọ̀ tó ń kó màlúù lọ ọjà ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì ní tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú ni wọn ì bá gbà sílẹ̀. Títí di ọjọ́ ìpàdé tí mo fẹ́ sọ yìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni Boikanyo ṣì wà, kò lè dìde jókòó. Ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀.

Kgosi Radipitse, ọba wa, pe gbogbo ìlú sí kgotla, àgbàlá ìpàdé iwájú ààfin. Ọjọ́ yẹn kan náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti Gaborone láti fojú ara rẹ̀ rí i bóyá àwọn ènìyàn fẹ́ràn Ramotlhwa tó láti fi orúkọ rẹ̀ síwájú. Alága kò lè ṣaláì wá. Wọn kò sì tíì tú báńdéèjì.

Oṣù Kẹwàá ni, nígbà tí ooru wa máa ń mú kí ajá fi ahọ́n gbálẹ̀. Ramotlhwa wọlé pẹ̀lú ìborùn òtútù tó we mọ́ ọrùn dé etí àti fìlà ńlá tó bò ó dé ojú. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti jókòó lẹ́yìn. Olebile gbé àga tẹ̀ lé Alága, nítorí ní kgotla, oníkálukú ló ń gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé, àwọn ìyá sì ń tẹ́ ẹní.

Ọmọ ọwọ́ gan-an mọ̀ pé ọkùnrin kì í dé fìlà níwájú Kgosi. Ramotlhwa tó ń bá àwọn àgbà jà lórí ìlànà kò rántí èyí, tàbí ó rò pé fìlà alága kì í ṣe fìlà.

"Rra Ramotlhwa," ni Kgosi wí, "ṣé òjò ń rọ̀ níbi tí ẹ jókòó sí ni?"

"Kgosi, fìlà yìí, fìlà iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ìjọba bọ́ fìlà."

Ó bọ́ ọ. Ìborùn bá a wá. Báńdéèjì náà yọ lódindi, ó gba abẹ́ àgbọ̀n gòkè, ó so lórí àtàrí, bí wọ́n ṣe ń di ẹnu òkú kó má là sílẹ̀. Ìyá àgbà kan na ọrùn wò ó dáadáa.

"Ìgbà wo ló kú?" ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ́. Kgosi na ọwọ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ramotlhwa dìde. Kò lè la ẹnu dáadáa, síbẹ̀ kò dín ọ̀rọ̀ kù.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọgbẹ́ tí ẹ rí yìí, ojú ogun ìdàgbàsókè ni mo ti gbà á! Mò ń yẹ ọ̀nà wò, òkúta ta, ó bà mí lọ́rùn. Ẹlòmíì ì bá sá. Èmi dúró! Pula!"

Pula, orúkọ owó wa, òjò ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìre sì ni. Tí ènìyàn bá fi parí ọ̀rọ̀ ní kgotla, gbogbo àgbàlá ló ń dáhùn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Pula!" ó tún wí. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ààfin.

"Òkúta kọ́ o," ni darandaran kan wí láti ẹ̀yìn, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní kgotla, ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ti ẹnu rẹ̀. "A gbọ́ pé aránṣọ ìjókòó ọkọ̀ ní Francistown ló bá a fa awọ ọrùn. Wọ́n ní owó rẹ̀ ò wọ́n."

Ká ní ó pè é ní olè, Ramotlhwa ì bá rẹ́rìn-ín. Ká ní ó pè é ní òpùrọ́, ì bá dá a lóhùn pẹ̀lú òwe. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò wọ́n kẹ̀!

"Irọ́ ni!" ó kígbe. "Aránṣọ wo? Dókítà tó ti wà nídìí ẹ̀ láti ogún ọdún ló ṣe é! Ó ń wá láti Johannesburg! Ìwọ mọ ohun tó ń pinnu iye ọrùn? Awọ wà níbẹ̀, ọ̀rá wà níbẹ̀, iṣan wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ni wọ́n ń ṣe fún irú ẹ, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún mi! Owó ọwọ́ dókítà wà níbẹ̀, owó yàrá wà níbẹ̀, owó ẹni tó kùn mí lóorun wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí mi ò mọ iye rẹ̀!"

Olebile ń fà á ní ẹ̀wù. Ó ti pẹ́ jù.

Mma Gasebalwe dìde lórí ẹní rẹ̀. Obìnrin kékeré ni, kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Sista Tshenolo, tó bá Alága ti Gaborone dé, wá kúnlẹ̀ sílé rẹ̀, ó sunkún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kgosi, mo tọrọ àyè," ó wí. "Rra, ẹ ṣeun tí ẹ là wá lóye. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù tí ẹ ò dárúkọ. Wọ́n ní dókítà yẹn ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀, ẹni tí ì bá tọ́jú yín ká ní ẹ sanwó rẹ̀, kí Sista wa lè dúró síbi. Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pula," ni Ramotlhwa dáhùn kíá, bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀.

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní. Mo rò pé wọ́n á jù ú lókùúta. Ìyá náà kàn mi orí.

"Ẹ ṣeun, Rra. Àṣé ẹ mọ iye wa," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ̀. "Kgosi, mo ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ á ti máa lọ."

"Ẹ gba ọkọ̀ ààfin," ni Kgosi wí. "Kí áńbúláǹsì àti Sista padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí, ẹni tó bá sì tún fẹ́ gbé wọn kúrò níbẹ̀, orí mi ni yóò gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ Rra Ramotlhwa, ẹ̀yin ará ìlú lẹ ni ìdájọ́." Ó dìde, ó wọlé.

Ìdájọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ramotlhwa kò lè yí ọrùn, iwájú nìkan ló ń wò, àga òfìfo Kgosi ló sì wà níbẹ̀. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa àga dé lẹ́yìn òun lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ìyá ń gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní. Kò sẹ́ni tó bú u. Kò sẹ́ni tó kí i.

"Olebile," ó wí láàárín eyín, "akọ̀wé ẹgbẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Ọ̀gá wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ara yípo díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì, títí ó fi kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Olebile ń sáré tẹ̀ lé e, ó gbé àga akọ̀wé lé èjìká, ó sì ń yin ọrùn akọ̀wé náà pé ó dára púpọ̀.